Gọ́tà kan kò lè gba omi mẹ́ta

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Orúkọ Yorùbá fún àwọn nǹkan tó ń gba omi kúrò nílé là ń wá níbí. Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní kí á máa pe gbogbo ohun tó ń kó omi kúrò lára ilé ní "ọ̀nà-omi". Ẹ̀gbọ́n kan fèsì pé kò sídìí láti ṣẹ̀dá ohunkóhun, pé gọ́tà ti tó, gbogbo bíríkìlà ló gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, n kò bá ẹnì kankan lọ nínú àwọn méjèèjì. Ohun tí ojú mi rí ló fà á.

Nígbà tí mò ń kọ́lé, mo sọ fún òṣìṣẹ́ kan pé kó darí gọ́tà sínú sókàwéè, ìyẹn kòtò tí omi ìdọ̀tí ilé ń wọ̀, tí ilẹ̀ ń fà á mu. Gọ́tà tó ń gba omi balùwẹ̀ ni mo ní lọ́kàn. Gọ́tà etí òrùlé lòun gbọ́, ó sì ṣe é dáadáa, kò fi ibì kankan sílẹ̀. Òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀, sókàwéè kún dẹ́nu, omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bá padà wọlé wá bá wa. Ẹ ṣírò ó wò: bí òrùlé bá gùn ní mítà 12, tó fẹ̀ ní mítà 10, tí òjò mìlímítà 25 rọ̀ sórí rẹ̀, nǹkan bíi lítà 3,000 ni yóò máa wá ibi tí yóò gbà. Èwo ni ti kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ níbẹ̀?

Èdè wa kì í tẹ̀lé páìpù, omi ló ń tẹ̀lé. Nígbà tó ṣì ń já bọ̀ látòkè, òjò ni. Ó dé etí òrùlé, ó di ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Ó balẹ̀, ó ń wọ́ lọ, ó di àgbàrá, èyí tí kò lóun ò nílé wó, tó jẹ́ pé onílé ni ò ní gbà fún un. "Ọ̀nà-omi" da gbogbo wọn pọ̀, ó sì tún fi omi ìdọ̀tí kún un.

Fún ti etí òrùlé, mo dábàá agbọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Bí a ṣe ṣẹ̀dá orúkọ agbòòrùn náà la ṣe ṣẹ̀dá rẹ̀. Páìpù tó ń gbé omi rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ẹ jẹ́ ó máa jẹ́ páìpù ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Páìpù ò ṣẹ̀ wá. Ti ilẹ̀, ojú àgbàrá ti wà tipẹ́.

"Kòtò amumi" tí ẹnìkan dábàá fún kòtò tí omi òjò ń wọ̀ kó lè rì sílẹ̀ dùn mọ́ mi nínú, àmọ́ ilẹ̀ ló ń mumi, kì í ṣe kòtò. Ẹ gbẹ́ ihò, ẹ pọn omi kún un, ẹ wo bó ṣe ń fà sí. Nínú ilẹ̀ amọ̀, kòtò amumi yín á di adágún. Ìlànà ìkọ́lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tiẹ̀ ní kó jìnnà sí ilé tó mítà 5, kí omi má baà máa jẹ ìpìlẹ̀. Síbẹ̀, mo fara mọ́ orúkọ náà, nítorí sókàwéè ti di ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́nu wa.

Èyí tí mi ò lè gbà rárá ni "gọ́tà àwọn Faransé" tí ẹnìkan fi túmọ̀ French drain. Kò ti Faransé wá! Orúkọ èèyàn ni: Henry Flagg French, adájọ́ àti àgbẹ̀ ará Amẹ́ríkà, tó kọ̀wé lórí fífa omi kúrò lóko ní 1859. Kí ni nǹkan ọ̀hún gan-an? Yàrà tí a gbẹ́, tí a tẹ́ páìpù oníhò sí, tí a da òkúta wẹ́wẹ́ bò. Yàrà olókùúta, ó parí.

"Ìkórè omi òjò" tí wọ́n fi túmọ̀ rainwater harvesting ńkọ́? Ohun tí a gbìn là ń kórè. Ta ló gbin òjò? A máa ń gba omi òjò ni.

Mo dán agbọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ wò lọ́dọ̀ káfíńtà kan lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó wò mí títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé gọ́tà òkè lẹ ń wí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Gọ́tà òkè, gọ́tà ilẹ̀: bí ẹ bá ní ká fi mọ síbẹ̀, n ò ní jà.