Afẹ́fẹ́ ìgbà ìrúwé ní Carolina: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá iná igbó jà, èwo lẹ̀rù rẹ̀ pọ̀ jù, ti etí òkun ni àbí ti orí òkè?

Ọmọ Ìsẹ́yìn
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Láti oṣù kẹwàá ni mo ti wọ ẹgbẹ́ panápaná àdúgbò wa nítòsí Hendersonville, irú èyí tí wọn kì í sanwó fún, tí wàá pa iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ tì tí fọ́ọ̀nù bá ti dún. Ọdún mẹ́fà ni mo fi gbé Wilmington létí òkun kí n tó gòkè wá. Ọ̀gá wa ní láti oṣù kẹta títí wọ oṣù karùn-ún, ká má jẹ́ kí bàtà wa jìnnà sí wa. Èmi tí mo rò pé ìgbà ooru ni igbó ń jó! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, ẹ sọ ohun tójú yín rí.

Bàbá Kẹ́mi
Àbúrò, o káre. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe é létí òkun. Ọjọ́ kan nínú oṣù kẹrin, afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn látàárọ̀, iná ń lọ sápá òkun, a ti fi katapílà ha ilẹ̀ síwájú rẹ̀ kó má rí nǹkan jẹ. Ọkàn wa balẹ̀. Ẹnì kan ti ń pín omi inú ọ̀rá. Nígbà tó di bí aago méjì, ẹ̀yìn ọrùn mi kàn tutù. Afẹ́fẹ́ òkun ti wọlé. Kí n tó gbé rédíò sẹ́nu, èéfín ti yí, ẹ̀gbẹ́ iná tá a rò pé ó ti sùn wá di orí iná, apá ibi tá a gbé ọkọ̀ sí ló sì kọjú sí.

Àwọn èèyàn á ní afẹ́fẹ́ òkun lọ́rinrin, ó ń bá wa paná. Òótọ́ ni, tó bá pẹ́ díẹ̀. Ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù.

Ìyá Ìbejì Charlotte
Ẹ̀yìn ọrùn ló sọ fún yín? Ẹ ò ní fọ́ọ̀nù ni?

Bàbá Kẹ́mi
A ní fọ́ọ̀nù. Ọrùn ló kọ́kọ́ gbọ́.

Akínkanjú Àbàtà
Ẹ ń sọ afẹ́fẹ́, kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba ilẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì dé igbó àbàtà tí wọ́n ń pè ní pocosin kò tíì rí iná. Ilẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀ ni igi ìdáná: ewé àti gbòǹgbò tó ti ń rà jọ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ní oṣù kẹta omi ṣì lè wà nílẹ̀, bàtà rẹ á máa rì, ṣùgbọ́n tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ bá fẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, igbó tó wà lórí omi yẹn á gbiná bí ẹni da kẹrosíìnì sí i. Mo dúró nínú omi dé kókósẹ̀ rí, tí mò ń sá fún iná. Ẹ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Tó bá wá jẹ́ pé ilẹ̀ ti gbẹ, ó di wàhálà mìíràn. Iná á wọ abẹ́ ilẹ̀. A ó rọ omi sí i títí, a ó lọ sùn, lọ́jọ́ kejì èéfín á yọ níbòmíràn. Igi á dédé wó láìsí afẹ́fẹ́ torí gbòǹgbò ti jó tán. Iná Evans Road ti 2008, tí àrá dá sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹfà, ó jó ju éékà 40,000 lọ, ọ̀pọ̀ oṣù ló sì fi ń jó nísàlẹ̀. Omi adágún ni wọ́n ń fà láti fi rì í mọ́lẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2023, igbó ìjọba Croatan tún jó ju éékà 30,000.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún fi ọ̀rọ̀ òkè wé ti àbàtà mọ́.

Adé Orí Òkè
A ó fi wé e o. Ẹ̀yin rí ibi gbé katapílà gbà. Níbi tèmi, réèkì tá a fi ń ha ewé àti ẹsẹ̀ ni. Iná tó ń gun òkè kò dà bí èyí tó ń lọ lórí pẹrẹsẹ: ọwọ́ iná ti ń yan ewé tó wà lókè gbẹ kó tó débẹ̀, nítorí náà sísáré ló ń gùn ún. Igbó rhododendron àti laurel tún wà níbẹ̀, tí ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ lójú, tó sì ń jó bí ohun tí wọ́n fi epo pa.

Ṣadé Greenville
Èmi kì í ṣe panápaná o, ará ìlú lásán ni mí. Ṣùgbọ́n oṣù kẹta 2025, mi ò lè gbàgbé. Ọjọ́ kìíní oṣù yẹn ni iná bẹ̀rẹ̀ ní Carolina Forest lẹ́bàá Myrtle Beach. Kó tó di ìparí oṣù, Table Rock àti Persimmon Ridge ń jó lápá ọ̀dọ̀ wa, Black Cove ń jó ní Polk County lókè ààlà, ní North Carolina. Òkun àti òkè lóṣù kan náà! Ti Table Rock àti Persimmon Ridge nìkan ju éékà 15,000 lọ.

Màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn nígbà yẹn. Wọ́n jí láàárọ̀, wọ́n rí i pé ìta funfun, oòrùn pọ́n bí epo pupa, wọ́n ní, "Ṣadé, ṣé ọyẹ́ tẹ̀lé mi débí ni?" Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé. Mo kàn ní kí wọ́n má tú àpótí wọn.

Ìyá Ìbejì Charlotte
Ọyẹ́ tẹ̀lé mi débí 😂😂 Ẹ bá mi kí màmá o.

Ọmọ Ìsẹ́yìn
Kò kúkú jìnnà sí ọyẹ́, àǹtí. Lọ́dọ̀ wa ní Òkè-Ògùn, ọyẹ́ ni àwọn ọdẹ máa ń dúró dè kí wọ́n tó finá sígbó.

Túndé Àríyànjiyàn
Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ìjì Helene ló fa gbogbo èyí. Oṣù kẹsàn-án 2024 ló wó igi ká gbogbo òkè, oṣù kẹta iná dé. Ká ní kò sí Helene ni, kò ní sí iná.

Adé Orí Òkè
Ọ̀gá, igi ńlá kì í ṣáájú gbiná. Ewé gbígbẹ ló ń gbé e rìn. Igi tí Helene wó dá kún un lóòótọ́: ó dí ọ̀nà mọ́ wa, ó ń jẹ́ kí iná gbóná kó sì pẹ́, ìrìn díẹ̀ á gbà ọ́ ní wákàtí kan. Ṣùgbọ́n òkè wọ̀nyí jó ní 2016. Helene wo ló wà nígbà yẹn?

Túndé Àríyànjiyàn
2016 kì í ṣe ìgbà ìrúwé. Oṣù kọkànlá ni. Ẹ má yí ìdáhùn po.

Bàbá Kẹ́mi
Àwọn méjèèjì, ẹ rọra. Ohun kan náà ló so oṣù kọkànlá pọ̀ mọ́ oṣù kẹta: ewé wà nílẹ̀, kò sí lórí igi. Oòrùn ń bọ́ tààrà sórí ewé tó ti jábọ́. Afẹ́fẹ́ tútù á ti àríwá wá, á gbá gbogbo ọ̀rinrin lọ, á sì máa fẹ́ fìì. Tí ọ̀rinrin bá ti lọ sísàlẹ̀ 25 nínú ọgọ́rùn-ún, tí afẹ́fẹ́ sì dìde, ẹ má retí kẹ́ ẹ jẹun alẹ́ nílé. Kódà kí òjò ti rọ̀ lánàá. Ewé tín-ín-rín á gbẹ láàárín wákàtí kan péré.

Kọ́lá Tísà
Ẹ wá gbọ́, tí ewé ò bá tíì rú, kí ló dé tá a ń pè é ní "ìgbà ìrúwé"? Tó bá rú tán, iná ti lọ nìyẹn.

Akínkanjú Àbàtà
Tísà ti dé.

Kọ́lá Tísà
Ìbéèrè ni mo bi o.

Adé Orí Òkè
Ìbéèrè gidi ni, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Létí òkun, ewé máa ń tètè rú. Lóko wa, ó máa ń gun òkè díẹ̀díẹ̀ ni: ìsàlẹ̀ á ti tutù, orí òkè á ṣì rí bí ìgbà òtútù. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ á wo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, á ní ewu ti kọjá.

Fẹ́mi_843
Ẹ bá mi dá sí i. North Myrtle Beach ni mo wà. Mo fẹ́ sun ewé àti ẹ̀ka tó wà ní àgbàlá mi ní Sátidé. Òjò rọ̀ lánàá. Kò séwu àbí?

Bàbá Kẹ́mi
Fẹ́mi.

Ìyá Ìbejì Charlotte
Há! Ó kúkú ka ohun tá a kọ sókè.

Ṣadé Greenville
North Myrtle Beach kẹ̀! Ìwọ ẹni yìí, bi àwọn aládùúgbò rẹ nípa oṣù kẹrin 2009. Ìdọ̀tí àgbàlá ni ẹnì kan sun, ó rò pé ó ti kú, afẹ́fẹ́ dé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó jí i. Ilé 76 ló jó di eérú, igbó tó bá a lọ lé ní éékà 19,000.

Fẹ́mi_843
Mo ti gbọ́. Ó ti di ìdọ̀tí tí wọ́n máa wá kó.

Ọ̀ṣun Beaufort
Ṣé Ọ̀yọ́túnjí, abúlé Yorùbá tó wà ní Sheldon, wà láyọ̀ lọ́dún yẹn? Èmi máa ń lọ síbẹ̀ fún ọdún.

Bàbá Kẹ́mi
Sheldon jìnnà sí Myrtle Beach púpọ̀. Wọ́n tún sún mọ́ Ṣàngó ju àwa lọ.

Kọ́lá Tísà
Kí Ṣàngó máa sinmi jàre. Iná àrá kò tó nǹkan nígbà ìrúwé. Ẹni tó ń sun ìdọ̀tí ló wà níwájú, Ṣàngó kò sun àgbàlá ẹnì kankan.

Adé Orí Òkè
Ọmọ Ìsẹ́yìn, ohun tí mo fẹ́ kó o mú dání rèé. Létí òkun, ó ti mọ́ ọ lára pé tílẹ̀ bá ṣú, ìrì á sẹ̀, iná á rẹlẹ̀, wàá rí oorun sùn. Lókè, má gbẹ́kẹ̀ lé e. Lálẹ́, afẹ́fẹ́ tútù wúwo, á ṣàn lọ sí àfonífojì bí omi. Ibi tó gbóná, tó sì gbẹ jù wá di àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ibẹ̀ gan-an ni iná sì máa ń wà. Àwọn ará Tryon ní Polk County mọ̀ ọ́n dáadáa, torí ibẹ̀ ni wọ́n ń gbin èso sí kí òtútù má bàa pa á. Òru ọjọ́ kan báyìí, a dúró nísàlẹ̀ nínú ìkùukùu, ọwọ́ wa ń gbọ̀n fún òtútù, a ń wo iná tó ń jó lókè wa bí ẹni pé ọ̀sán gangan ni. Agogo mẹ́ta òru.

Túndé Àríyànjiyàn
Irọ́ nìyí. Bí èèyàn bá ń gòkè, òtútù ló ń pọ̀ sí i. Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Adé Orí Òkè
Ọ̀gá, ṣé mọ́tò yín ní ibi tó ń kọ bí ìta ṣe tutù sí? Lálẹ́ ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́, tí afẹ́fẹ́ ò fẹ́, ẹ wà á láti ẹ̀bá odò gòkè. Ẹ wá sọ fún wa.

Ọmọ Ìsẹ́yìn
Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n. Èmi tí mo ti ń ka òru sí ìsinmi. Màá sọ fún àwọn tá a jọ wọlé, kò sẹ́ni tó sọ èyí fún wa.

Ìyá Ìbejì Charlotte
Túndé, a ń retí yín o. Ẹ máa rọra wakọ̀.

Túndé Àríyànjiyàn
Mo wà á lánàá, aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀. Lẹ́bàá odò, 39 ti Fahrenheit. Níbi ilé ìjọsìn tó wà láàárín òkè, 48. Mo padà sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá mọ́tò ló bàjẹ́. 39.

Adé Orí Òkè
👀

Túndé Àríyànjiyàn
Ọ̀rọ̀ Helene ṣì wà nílẹ̀ o. A ò tíì parí ìyẹn.