Súkúrù kan ṣoṣo tàbí wáyà: èwo ló máa di ìgúnpá mi mú jù?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Káfíńtà ni mí. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, àkàbà yẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀, ìgúnpá ọ̀tún ni mo fi gba ilẹ̀. Ẹ̀síréè fi hàn pé ṣóńṣó eegun ẹ̀yìn ìgúnpá ti já, ó sì ti sún kúrò. Mi ò lè na apá mọ́. Dókítà ní ọ̀nà méjì ló wà: súkúrù gígùn kan tí wọ́n máa gbà láti ṣóńṣó yẹn wọnú eegun lọ, tàbí irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n máa fi wáyà wé bíi nọ́ńbà 8. Tó bá jẹ́ pákó ni, kò sí àríyànjiyàn, súkúrù ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni ti eegun? Ọwọ́ yìí ni mo fi ń jẹun.

Nọ́ọ̀sì Tíátà: Ẹ pẹ̀lẹ́, bọ̀dá. Pákó kì í ní iṣan. Iṣan ẹ̀yìn apá ló so mọ́ ibi tó já yẹn, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ na apá ló ń fà á sókè. Súkúrù nìkan, eyín rẹ̀ ló fi di eegun mú. Bí inú eegun bá fúyẹ́, ó lè máa tú díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yìn ìgúnpá ni wáyà ń gbà ní tirẹ̀, kí ibi tó já má baà là. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára apá òkú, súkúrù tí wọ́n fi wáyà kún sábà máa ń gbé ẹrù ju súkúrù nìkan lọ. Ẹ bi dókítà bóyá ó lè pa méjèèjì pọ̀. Àmọ́ tó bá ti fọ́ sí wẹ́wẹ́, pléètì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi súkúrù kàn mọ́ eegun, ló kù.

Ìyá Ìbejì: Irin méjì àti wáyà ni wọ́n ṣe fún èmi. Ó jinná o, ṣùgbọ́n ẹnu irin ń gún mi lábẹ́ awọ bí ẹ̀gún, mi ò lè fi ìgúnpá ti tábìlì. Mo padà lọ yọ ọ́ ni.

Àkànjí: Kí ló dé tẹ́ ẹ ò gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá tó ń to eegun?

Nọ́ọ̀sì Tíátà: Ọparun àti aṣọ ò lè fa ohun tí iṣan ń fà lọ padà, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́.

Oníbèérè: Ẹ ṣé gan-an ni. Ìgbà wo ni mo lè mú ayùn?

Nọ́ọ̀sì Tíátà: Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ kẹ́ ẹ tó máa ká a, kẹ́ ẹ máa nà án bí dókítà bá ṣe wí, torí ìgúnpá tètè ń gan. Ayùn àti òòlù, ó di ìgbà tí ẹ̀síréè bá ní eegun ti so.

Oníbèérè: Ọmọṣẹ́ mi ló máa gbé ayùn nìyẹn. Òun náà ni mo ní kó di àkàbà mú lọ́jọ́ yẹn o!