Ìwé tẹ́ ẹ fi kọ́ Photoshop, ṣé ó ṣe yín lóore àbí owó yín kàn wọgbó?

Ayàwòrán: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ra ìwé tí màá fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún fọ́tò ṣe lórí kọ̀ǹpútà, àmọ́ wọ́n pọ̀ débi pé n ò mọ èyí tí màá mú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rà rí, kí lojú yín rí?

Délé: YouTube.

Bọ̀ọ̀dá Àtijọ́: Ẹ káre, Délé. Èyí tí èmi kọ́kọ́ rà wúwo bíi búlọ́ọ̀kù, mo ṣáà rò pé bó ṣe tóbi tó lọgbọ́n inú ẹ̀ máa pọ̀ tó. Mo délé mo ṣí i, àṣé CS6, Photoshop ti 2012, ni wọ́n fi kọ ọ́, CC tó dé lẹ́yìn ẹ̀ ló sì wà lórí kọ̀ǹpútà mi. Ó ní kí n lọ sí File kí n tẹ Save for Web, mo wá a títí, àṣé wọ́n ti kó o sábẹ́ Export, wọ́n tún kọ Legacy sí i lára bí ẹni tó ti fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko!

Morẹ́nikẹ́: Ọjọ́ mẹ́ta kẹ̀ 😂 ẹ ò lè bi Google ni?

Bọ̀ọ̀dá Àtijọ́: Àǹtí, ká ní mo ní dátà nígbà yẹn, ṣé màá ra ìwé ni?

Ṣadé: Tiyín tiẹ̀ sàn. Tèmi, dúdú àti funfun ni gbogbo fọ́tò inú ẹ̀. A wá dé orí tí wọ́n ti ń tún kálà ṣe, ó ní "ẹ wo bí ojú ọmọ yìí ṣe pọ́n jù lápá òsì, ẹ wá wo tọwọ́ ọ̀tún." Eérú lápá òsì, eérú lápá ọ̀tún.

Morẹ́nikẹ́: Eérú 😂😂😂 mo kú o

Túndé: Irọ́ ni jàre. Ta ló máa tẹ irú ìwé yẹn láìsí kálà?

Ṣadé: Kálà wọ́n láti tẹ̀ nìyẹn. Inú CD ẹ̀yìn ìwé ni wọ́n kó fọ́tò gidi sí, àlòkù sì ni mo rà, àpò CD òfìfo ni mo bá.

Fẹ́mi: Ayàwòrán, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà yín. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ṣí ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ mask, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń bo apá kan fọ́tò láìpa á rẹ́. Tó bá kàn ní "ẹ tẹ ibí, ẹ tẹ ọ̀hún" tí kò ṣàlàyé pé dúdú ló ń bo nǹkan, funfun ló ń fi í hàn, ẹ dá a padà sórí àtẹ. Bọ́tìnnì máa ń ṣípò, àmọ́ layer, ìyẹn ìpele àwòrán tí wọ́n ń tò léra, tó dé inú Photoshop ní 1994 ṣì wà níbẹ̀ dòní. GIMP, ètò mìíràn tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, lèmi ń lò, ìwé GIMP 2.10 ni mo ní, wọ́n gbé 3.0 jáde ní 2025, mo ṣì ń ka ti 2.10 yẹn.

Túndé: GIMP? Ìyẹn náà wà lára nǹkan tí wọ́n ń kọ́?

Fẹ́mi: Ọ̀fẹ́ ni o. Ta ló ń sanwó Photoshop lóṣooṣù nínú èmi àti ẹ̀yin?

Túndé: Èmi kọ́. CS6 ni mo ṣì ń lò.

Bọ̀ọ̀dá Àtijọ́: CS6?! Túndé, ẹ wá gba búlọ́ọ̀kù yìí lọ́wọ́ mi, òun ni mo fi ń dá ilẹ̀kùn dúró.