Ṣé ẹnikẹ́ni ló lè kéde ààwẹ̀ gbogbo ìlú láàárín àwọn Júù?

Adéọlá_K: Ẹ̀yin ará ẹ kú àsìkò yìí o. Mò ń ka Ìwé Ẹ́sítérì, mo dé ibi tó ti ní kí gbogbo Júù tó wà ní Ṣúṣánì gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, kò sóúnjẹ kò sómi. Lẹ́yìn ayé Bíbélì ńkọ́? Tí wàhálà bá dé, ta ló ń sọ pé kí ìlú má jẹun?

Ìwé_Àtijọ́: Ilé ẹjọ́ wọn ni. Ó wà nínú Míṣínà, ìwé òfin àtijọ́ àwọn Júù, apá tí wọ́n ń pè ní Taanit, ọ̀rọ̀ òjò ló sì pọ̀ jù níbẹ̀ torí nílẹ̀ Ísírẹ́lì, tójò ò bá ti rọ̀, ìyàn ti dé nìyẹn. Tó bá di ọjọ́ 17 oṣù Heshvan tàwọn Júù (bí October sí November) tí òjò ò tíì rọ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan ló máa kọ́kọ́ gbààwẹ̀, Mọ́ńdè, Tọ́sìdeè, Mọ́ńdè. Tí oṣù Kislev tó tẹ̀ lé e bá wọlé tí ojú ọ̀run ṣì gbẹ, mẹ́ta fún gbogbo ìlú, àmọ́ wọ́n ṣì lè jẹun lóru. Kò rọ̀? Mẹ́ta míì, ìyẹn le, àtìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú lẹnu ti dì, kò síṣẹ́, kò síwẹ̀, kò sí bàtà. Kò tún rọ̀, méje pẹ̀lú fèrè ìwo, wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù pa. Tìlú nìkan jẹ́ 13 lápapọ̀ o!

Sùúrù_Lérè: Àjàkálẹ̀ àrùn ò ní sùúrù yẹn ṣá. Ìlú tó lè kó 500 ọmọ ogun jáde, tí òkú mẹ́ta bá jáde níbẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta tó tẹ̀léra, àjàkálẹ̀ nìyẹn, ààwẹ̀ yá.

Onímọ̀_Díẹ̀: Ẹ má bínú, lójú tèmi ó dà bí ẹni ń febi halẹ̀ mọ́ Ọlọ́run.

Ìwé_Àtijọ́: Àbúrò, àwọn gan-an ti rò ó. Wọ́n á gbé àpótí ìwé mímọ́ jáde sí gbàgede, wọ́n á da eérú lé e, wọ́n á da eérú sórí olórí wọn náà (ibẹ̀ yẹn wù mí), àgbà kan á wá dìde, á ní nípa àwọn ará Nínéfè, Bíbélì ò sọ pé Ọlọ́run rí aṣọ ọ̀fọ̀ wọn àti ààwẹ̀ wọn, ìṣe wọn ló rí, pé wọ́n yí padà kúrò lọ́nà búburú.

Adéọlá_K: Ẹ ṣé gan-an ẹ̀gbọ́n. Tójò bá wá rọ̀ láàárín ààwẹ̀ ńkọ́?

Sùúrù_Lérè: Tó bá rọ̀ kó tó dọ̀sán, ó parí nìyẹn. Ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Lod nílẹ̀ Ísírẹ́lì, Rabbi Tarfon, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀mọ̀wé wọn, ní kí wọ́n lọ jẹ kí wọ́n mu kí wọ́n ṣọdún, wọ́n lọ jẹun yó, nírọ̀lẹ́ wọ́n padà wá ka Sáàmù 136.