Régbérégbé kan náà ni ọkọ mi àti olóṣèlú tí a fẹ́ ṣe ìwọ́de takò: ṣé kí n ṣáájú?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Òṣìṣẹ́ kánsù ni mí ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, èmi sì ni akọ̀wé ẹ̀ka ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa. Ọmọ ìlú wa kan ń dupò lọ sí ilé aṣòfin àpapọ̀ ní Àbújá, ohun tó sì ń sọ níbi gbogbo tó ti ń polongo ìbò ni pé bí òun bá débẹ̀, òun yóò gbé àbá kalẹ̀ kí wọ́n má yọ owó ẹgbẹ́ lára owó oṣù mọ́, kí ó di èèwọ̀ fún òṣìṣẹ́ kánsù àti ti ilé ìwòsàn láti daṣẹ́ sílẹ̀, kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì máa fúnra rẹ̀ pinnu owó oṣù tó kéré jù lọ. A ti fẹnu kò láti ṣe ìwọ́de, èmi ni wọ́n sì ní kí n ka ìwé ẹ̀hónú wa sétí ará ìlú.

Ohun tó ń dí mi lọ́wọ́ ni pé régbérégbé kan náà, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ni òun àti ọkọ mi wà. Wọ́n jọ máa ń lọ kí Awùjalẹ̀ ní Ojúde Ọba nínú aṣọ kan náà ni, nígbà tí ìyá ọkọ mi sì kú, òun ló dúró tì í títí a fi palẹ̀ ìsìnkú mọ́. Ọkọ mi kò ní kí n má lọ, ṣùgbọ́n kò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ tó ti gbọ́. Ṣé kí n ṣáájú, àbí kí n fa ìwé náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́? Ṣé wọ́n sì lè lé mi níṣẹ́ nítorí rẹ̀?

Òṣìṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Ṣàgámù: Ìyá wa, ẹ kú ìrònú. Ẹ jẹ́ kí n ti orí ìbéèrè yín tó kẹ́yìn, ti lílé níṣẹ́, bẹ̀rẹ̀. Abala 40 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999 fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti pé jọ àti láti wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ohun tí ẹ ó ṣọ́ra fún ni pípa iṣẹ́ tì, nítorí òfin tó ń rí sí aáwọ̀ ibi iṣẹ́ sọ pé ẹni tó bá daṣẹ́ sílẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó àwọn ọjọ́ náà. Ẹ fi ìwọ́de yín sí ọjọ́ Sátidé, kí ẹ kọ̀wé sí ọlọ́pàá ṣáájú, kí ẹ má sì jẹ́ kí àmì ẹgbẹ́ òṣèlú kankan wọ àárín yín. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá gbé ìgbálẹ̀ tàbí agboòrùn wá ni wọn yóò sọ pé ẹ ti gbowó.

Ọkùnrin náà mọ ibi tó ń lọ. Ilé aṣòfin àpapọ̀ nìkan ló lè ṣòfin lórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti owó oṣù tó kéré jù lọ, ìdí sì nìyí tí 70,000 náírà ti 2024 fi kan gbogbo ìpínlẹ̀. Nígbà tí àbá kan ní 2021 fẹ́ kí ìpínlẹ̀ náà lè máa ṣòfin lórí owó oṣù tó kéré jù lọ, NLC, àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Nàìjíríà, ṣe ìwọ́de lọ bá àwọn aṣòfin ní Àbújá. Ní ti owó ẹgbẹ́, òótọ́ ni pé àtúnṣe òfin ti 2005 kò jẹ́ kí a fipá mú ẹnikẹ́ni wọ ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí yóò máa ti ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan gba owó lóṣooṣù kò ní rí owó agbẹjọ́rò san lọ́jọ́ tí wọ́n bá lé ẹnì kan. Ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ gan-an nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín.

Ọmọ régbérégbé, Ìjẹ̀bú-Òde: Ìyàwó wa, mo mọ ohun tó ń jẹ ọkọ yín lọ́kàn. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé inú gbohùngbohùn ni ọkùnrin náà yóò ti kọ́kọ́ gbọ́ ohùn yín. Kí ọkọ yín mú yín lọ sílé rẹ̀ lálẹ́, kí ẹ kúnlẹ̀ kí i, kí ẹ sì ka ìwé náà fún un láti òkè délẹ̀. Oore tó ṣe nígbà ìsìnkú, àárín òun àti ọkọ yín ló wà. Kò fi ra ẹnu yín.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, Amẹ́ríkà: Èmi kò fara mọ́ lílọ lálẹ́ rárá, nítorí ẹni tó bá rí yín níbẹ̀ yóò sọ pé ẹ lọ gbowó ni. Ẹ má sì fi ìwọ́de náà falẹ̀. Ní Wisconsin ní 2011, gómìnà Scott Walker mú òfin wá tó gba ẹ̀tọ́ láti jọ bá ìjọba dúnàádúrà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba, tó sì fòpin sí yíyọ owó ẹgbẹ́ wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kún ilé ìjọba ní Madison, àwọn kan sùn síbẹ̀, síbẹ̀ ó buwọ́ lù ú, nígbà tí wọ́n sì dìbò láti yọ ọ́ ní 2012, òun ló tún wọlé. Ó ti dórí àga kí wọ́n tó dìde. Ẹni tiyín ṣì ń wá ìbò yín.

Ẹni tó béèrè: Mo dúpẹ́ gidigidi. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi. Ó ní òun yóò bá mi lọ ní ọ̀sán gangan, pẹ̀lú alága ẹ̀ka wa. Bí ọkùnrin náà kò bá yí ohùn padà ní gbangba, èmi ni n óò kàwé náà lọ́jọ́ Sátidé. Ta ni kí a kọ̀wé sí ní àgọ́ ọlọ́pàá?

Òṣìṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Ṣàgámù: DPO, ìyẹn ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá, ti agbègbè tí ìwọ́de ti máa bẹ̀rẹ̀ ni. Kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tiyín, kí ẹ sì mú un dání lọ́jọ́ náà.