Delay kì í ṣe "ìdádúró": lórí orúkọ tó yẹ ẹ̀rọ afarawé-áńpù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ ṣeun fún àtòjọ ọ̀rọ̀ gìtá tí ẹ fi síta. Mẹ́ta nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín jiyàn lé lórí: amp modeler (ẹ̀rọ tó ń fara wé ohùn áńpù gìtá) tí ẹ pè ní "áńpù ayédèrú", delay tí ẹ pè ní "ìdádúró", àti cab simulation (apá ẹ̀rọ náà tó ń fara wé àpótí sípíkà áńpù, tí wọ́n ń pè ní cab) tí ẹ pè ní "àpótí irọ́".

Ẹ jẹ́ ká mú ìdádúró ṣáájú, torí òun ló lè ṣi onígìtá lọ́nà jù. Bí a bá tẹ delay sílẹ̀ tí a ta okùn kan, ohùn gìtá á jáde lójú ẹsẹ̀, kò sóhun tó dá a dúró. Ẹ̀dà rẹ̀ ló ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí bọ́tìnì time bá wà ní 500 ms, ẹ̀dà àkọ́kọ́ á dé lẹ́yìn ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, òmíràn á tẹ̀ lé e, á máa rẹlẹ̀ títí á fi kú. (Bí orin bá ń lọ ní ìlù 120 nínú ìṣẹ́jú kan, ẹ fi 120 pín 60,000, 500 yẹn náà ni ẹ ó bá, ẹ̀dà á sì máa bọ́ sórí ìlù.) Bí èèyàn bá kígbe sí àpáta, ohun tó máa ń gbọ́ nìyẹn, Yorùbá sì ti sọ ọ́ lórúkọ: gbohùngbohùn. Àwọn kan á ní ó ti di maikirofóònù. Rárá o, "ẹ̀rọ gbohùngbohùn" nìyẹn. Bọ́tìnì feedback tó ń sọ bí ẹ̀dà á ṣe pọ̀ tó, àwítúnwí ni mo máa pè é. Bí wọ́n bá yí i jù, ẹ̀dà ò ní kú mọ́, ṣe ni á máa ga sí i títí á fi bo orin mọ́lẹ̀.

Ìdádúró ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú amp modeler. Ẹ̀rọ náà ń sọ ohùn di nọ́ńbà, ó ń ṣírò, ó tún ń sọ nọ́ńbà padà di ohùn. Gbogbo rẹ̀ ń gba àkókò, ohùn gan-an la sì dá dúró níbẹ̀. Latency nìyẹn. Nínú 1 ms, ohùn ń rin nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 34, torí náà ìdádúró 3 ms ò ju kí onígìtá dúró ní mítà kan sí sípíkà, kò sẹ́ni tó máa fura. Àmọ́ bí a bá gba inú kọ̀ǹpútà kọjá tó di 20 ms, ìka á dà bí ẹni tó ń rìn nínú ẹrẹ̀. Bí delay bá ti gba orúkọ yìí, ọmọ tó bá kígbe pé "ìdádúró ti pọ̀ jù" á rí olùkọ́ tí yóò máa yí bọ́tìnì delay, nǹkan kan ò sì ní yí padà.

Ayédèrú ńkọ́? Ayédèrú ni owó tí wọ́n tẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ohun tí a fi ń tan ẹni tó ń rà á. Bí ẹnì kan bá ra áńpù tí wọ́n kàn lẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá mọ́, kí la fẹ́ pe ìyẹn? Mo ro "aṣebí-áńpù" wò, àmọ́ bí wọ́n bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i lórí fóònù, ó di aṣebi. Afarawé-áńpù ò ní ìjàǹbá yẹn.

Ọ̀rọ̀ àpótí ló dùn mí jù, torí ibẹ̀ ni ohùn ti ń bàjẹ́ lójoojúmọ́. Sípíkà gìtá oníńṣì 12 kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé ohùn tó bá tínrín kọjá nǹkan bíi 5 kHz. Bí a bá so afarawé mọ́ míkísà ṣọ́ọ̀ṣì láìtan cab, sípíkà ibẹ̀ á gbé gbogbo rẹ̀ jáde, distortion (ohùn gìtá tí a mọ̀ọ́mọ̀ mú kó ha) á sì máa han bí oyin tó há sínú agolo. Bí a bá tàn án, tí a tún so ó mọ́ áńpù gìtá gidi, ohùn ti kọjá àpótí méjì, á dún bíi pé wọ́n fi tìmùtìmù bò ó. Níbo ni irọ́ wà níbẹ̀? Wọ́n sábà máa ń gba ohùn àpótí gidi sílẹ̀ láti fi ṣe é. Mo dábàá òjìji àpótí, torí òjìji ń gbé ìrísí nǹkan láìjẹ́ nǹkan náà. Ẹ gbọ́ bó ṣe rọrùn láti fi kọ́ ọmọ: "Tan òjìji bó o bá ń lọ sí míkísà. Pa á bí áńpù bá ti ní àpótí tirẹ̀."

Reverb ló kù. "Ìdúnká" ni mo ní lọ́wọ́, torí ohùn ń dún ká yàrá. Bí ẹ bá ní èyí tó dáa jù ú lọ, ẹ fi ránṣẹ́.