Ìdáhùn: “àyípadà àyíká” – kí ló yí padà níbẹ̀?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìkàlẹ̀ o.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń pa ẹnu mọ́. Lálẹ́ àná wọ́n mú iná lọ ní Kubwa, mo wá ń ka lẹ́tà yín lórí fóònù nínú òkùnkùn. Nígbà tí mo dé orí èyí tí alàgbà wa kọ láti Lugbe, oorun dá lójú mi. Fún ẹni tí kò bá rí i: alàgbà ń túmọ̀ ìwé ìlànà kan fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n sì pe environment variable, ìyẹn iye tó ní orúkọ tí a ń fún ètò kọ̀ǹpútà (program) bó bá ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní “àyípadà àyíká”. Àkòrí wọn ni “ìfìdímúlẹ̀ àwọn àyípadà àyíká ní ọ̀nà àìléwu”; validation, ìyẹn yíyẹ nǹkan wò bóyá ó tọ́, ni wọ́n pè ní ìfìdímúlẹ̀. Arábìnrin wa ní Kaduna ní kí wọ́n yọ àmì ohùn ìsàlẹ̀ orí a yẹn, kó di “ayípadà”. Alàgbà bínú, wọ́n ní àwọn ti ń kọ́ni ní Yorùbá kí wọ́n tó bí arábìnrin náà. Láti ibẹ̀ ni ẹ ti gbá ara yín mú.

Lórí à yìí, ìdajì ẹjọ́ jẹ́ ti arábìnrin. A- olóhùn àárín, ti olùṣe ni: apẹja ń pẹja, adájọ́ ń dájọ́. Àwọn àgbà tó sọ rédíò lórúkọ, a- yìí kan náà ni wọ́n mú. Wọ́n wò ó pé nǹkan yìí ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì, wọ́n ní asọ̀rọ̀mágbèsì, ó parí. Kò sẹ́ni tó pe ìpàdé. À- olóhùn ìsàlẹ̀ ní tirẹ̀, ohun tí a ṣe, tàbí ṣíṣe rẹ̀, ló máa ń jẹ́: àkọsílẹ̀, àlàyé, àsọyé. Àyípadà wá jẹ́ yíyí tí nǹkan yí, kì í ṣe nǹkan tó ń yí. Tí ẹ bá tún wá fi àyíká tì í, ẹ ti bọ́ sínú ìròyìn agogo méje: àyípadà ojú ọjọ́, ọ̀dá, aṣálẹ̀ tó ń jẹ ilẹ̀ wá láti òkè Hausa. Ẹni tó ń gbé Lugbe, tó mọ ohun tí àgbàrá ń ṣe níbẹ̀ lásìkò òjò, kò yẹ kó fi orúkọ yẹn pe nǹkan mìíràn.

Ṣùgbọ́n arábìnrin, ẹ má tíì jó. Ẹ̀yin náà gbà pé nǹkan náà ń yí padà. Ṣé ó ń yí padà ni? Mo rí i pé púpọ̀ nínú wa ń jà lórí orúkọ ọmọ tí a kò tíì yọjú wò. Láti Unix ti ọdún 1979, ètò ìpìlẹ̀ tó ń darí kọ̀ǹpútà, ni nǹkan yìí ti wà. Bí ètò kan bá fẹ́ bí òmíràn sórí kọ̀ǹpútà, ó máa ń di ẹrù kékeré kan fún un: orúkọ, àmì ọgbọọgba, iye. PORT=8080: PORT, ẹnu ọ̀nà tí ètò ti ń gba ìpè, ni orúkọ; 8080, nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà náà, ni iye. Ẹ̀dà ni ọmọ gbà. Bí ọmọ bá tún un kọ lọ́dọ̀ ara rẹ̀, ìyá kò gbọ́. Bí ìyá bá tún tirẹ̀ kọ lẹ́yìn tí ọmọ ti jáde, ọmọ kò gbọ́, àfi kí ẹ pa ọmọ náà kí ẹ tún un bí. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ ibi iṣẹ́ wa fi máa ń tún fáìlì .env, níbi tí a ń kọ ẹrù yìí sí, ṣe, tí wọ́n á tún máa pariwo pé kò ṣiṣẹ́. Wọn ò tíì tún ètò náà gbé dìde ni.

Ẹnìkan á ní, ṣebí iye tó wà lórí láptọ́ọ̀pù mi kọ́ ló wà lórí sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn oníbàárà lóhùn? Bẹ́ẹ̀ ni. Ó yàtọ̀ ni, kò yí padà. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún méjèèjì, a kì í fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

Ẹni tó kọ̀wé láti Minna mú “àjogúnbá” wá, torí pé ọmọ ń jogún rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá. Ó dùn ún gbọ́, inú mi kọ́kọ́ dùn sí i. Àmọ́ òkú la ń jogún rẹ̀. Ètò tó bí ọmọ yìí ṣì ń ṣiṣẹ́, ó ń mí, ẹ ti ń pín ẹrù rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí “ìfìdímúlẹ̀”, torí èyí ló bí mi nínú jù. Nígbà tí agbẹnusọ ọlọ́pàá bá fìdí ìròyìn múlẹ̀, òótọ́ ni nǹkan náà kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohun tí a ń sọ níbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. A kò tíì gbà á gbọ́. Mo ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan ní Wuse nígbà kan, mo kọ SEND_SMS=false, ìyẹn má fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, kí n lè dán nǹkan wò láìda ẹnikẹ́ni láàmú. Ọ̀rọ̀ lásán ni gbogbo ohun tó bá gba ọ̀nà yẹn wọlé, kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé “bẹ́ẹ̀ kọ́” ni mo ní lọ́kàn. Lójú JavaScript, èdè kan tí a fi ń kọ ètò, lẹ́tà márùn-ún tí kì í ṣe òfo ni “false”, òótọ́ sì ni ohunkóhun tí kì í ṣe òfo. Python, èdè mìíràn, náà, bí ẹ bá kọ bool("False") láti bi í bóyá òótọ́ ni, True, ìyẹn òótọ́, ló máa dá yín lóhùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn oníbàárà ti gba “ÌDÁNWÒ 1”, “ÌDÁNWÒ 2”, títí lọ. Alhaji kan pè mí láago mẹ́fà àárọ̀, ó ní irú ìdánwò wo ni, ṣé òun yege.

Nítorí náà, kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá ló ti yẹ kó bi ẹrù náà léèrè. Ṣé o wà? Ṣé kì í ṣe òfo lo jẹ́? Bí o bá jẹ́ PORT, ṣé nọ́ńbà ni ọ́, láti 1 dé 65535? Bí o bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, èwo gan-an? Èyí tí kò bá yege, kí ètò kọ̀ láti bẹ̀rẹ̀, kó dárúkọ rẹ̀, kó má sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ aṣínà (password) lè wà níbẹ̀, àkọsílẹ̀ tí gbogbo ọ́fíìsì ń kà ló sì máa bọ́ sí. Ewu tí alàgbà ń pè ní “ní ọ̀nà àìléwu” nìyẹn. Ó lórúkọ: kí àṣírí má tú. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni láti Gwarinpa tó ní kí àwa tí wọ́n bí sí òkè Hausa má dá sí ọ̀rọ̀ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀: Kaduna ni wọ́n bí mi sí lóòótọ́, Ọ̀fà ni mo ti ń lo ìsinmi lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Àwọn Hausa tí ẹ ń fojú tẹ́ńbẹ́lú yìí pe kọ̀ǹpútà ní ẹ̀rọ tó ní ọpọlọ, na'ura mai ƙwaƙwalwa, mi ò sì rí i kí wọ́n jà lórí rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin.

Ẹ wò ó, mo bi ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní ọjà Kubwa. Ó fẹ́ rán ọmọbìnrin tó ń bá a tajà lọ sí Nyanya. Ó ka owó sí i lọ́wọ́, ó ní, “Kà á lójú mi.” Ọmọ náà kà á, ó ku ẹgbẹ̀rún kan, ìyá fi kún un. Ó ní, “Má sọ iye tó o mú dání nínú mọ́tò o.” Mo bi ìyá náà pé kí ni wọ́n ń pe irú owó bẹ́ẹ̀. Wọ́n wò mí bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. “Mo fi lé e lọ́wọ́ ni. Ó tún ní orúkọ ni?”

Àfilélọ́wọ́. Ohun tí mo mú wá fún environment variable nìyẹn, pẹ̀lú à- olóhùn ìsàlẹ̀, torí ohun tí a ṣe ni, kì í ṣe olùṣe. Ó gùn díẹ̀. Asọ̀rọ̀mágbèsì náà gùn.

Ní ti ẹni tó ń yẹ ẹrù wò, ìyá àgbà mi ló ràn mí lọ́wọ́. Bí wọ́n bá gbúròó pé wolé-wolé ń bọ̀ ládùúgbò, kí àfẹ̀mọ́júmọ́ tó mọ́ ni wọ́n á ti da omi inú ìkòkò nù, wọ́n á fọ̀ ọ́, torí bí ọkùnrin yẹn bá fi rí tanwíjí kan, kóòtù ni. Ìṣáájú kí àìsàn tó dé ni wolé-wolé ń dé. Mo ti sọ fáìlì tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ọ́fíìsì wa di wolewole.js. Mi ò fi àmì ohùn kankan sí i, nítorí náà kí alàgbà jọ̀ọ́ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀.